Bàbá Ń Ka Ọdún, Màmá Ń Ka Ọjọ́

Ìwó ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé, ibẹ̀ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí wọ́n wá gbé mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Òkè-Ògbó, ní Ilé-Ifẹ̀, mi ò mọ ẹnì kankan nílùú náà tí mo lè sùn sọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi lọ sílé tọkọtaya àgbàlagbà kan tí yàrá kan ṣófo lẹ́yìnkùlé wọn. Iṣẹ́ tíṣà ni Bàbá fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe, ìmọ̀ ìtàn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama. Nọ́ọ̀sì ni Màmá, wọ́n ti di ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Onígbàgbọ́ ni àwọn méjèèjì, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ, Bàbá ló sì ń darí kíláàsì Bíbélì àwọn àgbàlagbà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, Màmá wo hìjáàbù orí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé o máa ń jí kírun ìdájí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Tí o bá ti jí, máa bá mi kan ilẹ̀kùn Bàbá. Oorun wọn ti pọ̀ jù."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Àlhájà Kékeré, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mi ò tíì fojú rí Mẹ́kà rí, àfi nínú fọ́tò.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ro èbà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ariwo láti fàráńdà iwájú. Ohùn Bàbá lọ sókè, ti Màmá gba orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n ti pa Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń sọ tì, èdè Ifẹ̀ ni wọ́n fi ń dá ara wọn lóhùn, mi ò sì gbọ́ ju ìdajì lọ nínú rẹ̀. Mo rò pé ìjà ni. Mo sáré jáde tòun ti orógùn lọ́wọ́.

Tábìlì kékeré kan ni mo bá níbẹ̀, Bíbélì méjì wà lórí rẹ̀, àwo ẹ̀pà sísè kan sì wà láàárín. Màmá ló ń bó ẹ̀pà náà. Bí wọ́n ti ń bó o ni wọ́n ń kó o sí Bàbá lọ́wọ́, tí Bàbá ń jẹ ẹ́, tí àwọn méjèèjì sì ń jiyàn lọ láìsinmi.

Màmá rí mi. Wọ́n ní, "Àlhájà Kékeré, o wá dáadáa. Ìwọ ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nínú wa. Jókòó, kí o ṣe adájọ́ wa."

Bàbá ní, "Gbé orógùn yẹn sílẹ̀ ná. Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ kí ìyàwó mi tó dà ọ́ lọ́kàn rú."

Bí ẹjọ́ náà ṣe kàn mí nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà ni pé wòlíì Dáníẹ́lì rí ìran, Jòhánù náà rí ìran, àwọn méjèèjì sì kọ ìgbà àti àkókò sínú ohun tí wọ́n rí. Níbì kan, wọ́n á ní àádọ́rin ọ̀sẹ̀. Níbòmíràn, wọ́n á ní ẹgbẹ̀fà ọjọ́ ó lé ọgọ́ta. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, àkókò kan, àwọn àkókò, àti ìdajì àkókò. Kí wá ni ọjọ́ tí wọ́n ń wí? Bàbá gbà pé nínú ìran, ọjọ́ kan dúró fún ọdún kan. Wọ́n ní àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi ogójì ọjọ́ ṣe amí ilẹ̀ Kénáánì, Ọlọ́run sì fi ogójì ọdún san án fún wọn nínú aginjù, ọdún kan fún ọjọ́ kan. Wọ́n ní ohun kan náà ni Ọlọ́run sọ fún Ìsíkíẹ́lì nígbà tó ní kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nítorí náà, lójú Bàbá, àwọn ọjọ́ inú ìran wọ̀nyẹn gùn, ìjọba ń dìde nínú wọn, ìjọba ń ṣubú, púpọ̀ nínú wọn sì ti kọjá lọ.

Màmá ò gbà rárá. Wọ́n ní, "Ọjọ́ ni ọjọ́. Tí dókítà bá ní kí n fún aláìsàn lóògùn fún ọjọ́ méje, ṣé ọdún méje ni n ó fi fún un? Jónà sọ fáwọn ará Nínéfè pé ó ku ogójì ọjọ́. Ta ló jókòó ka ogójì ọdún nínú wọn? Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n wọ aṣọ ọ̀fọ̀."

"Jónà ò rí ìran ẹranko oníwo," Bàbá dáhùn. "Iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Ìran yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí wọ́n fẹnu rán ènìyàn. Àádọ́rin ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ bíi tiwa ni, ṣé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin péré ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n tún Jerúsálẹ́mù kọ́ àti ìgbà tí Mèsáyà dé?"

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ba Màmá níbi tó yẹ. Wọ́n bó ẹ̀pà bíi mélòó kan kí wọ́n tó fèsì. "Ibẹ̀ yẹn, mo gbà fún yín. Wọ́n ní 'méje-méje' ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ lédè Hébérù, ó sì lè jẹ́ méje-méje ọdún. Ibi tí ìwé bá ti yọ̀ǹda fún mi, mo máa gbà. Ibi tó bá ti sọ ọjọ́, mo dúró ti ọjọ́."

"Tí o bá ti gbà níbẹ̀, wàá gbà níbi yòókù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Àwọn méjèèjì wá yíjú sí mi. Mo ní nínú Kùránì tiwa, a kà á pé ọjọ́ kan lọ́dọ̀ Olúwa dà bí ẹgbẹ̀rún ọdún nínú ohun tí àwa ń kà. Bàbá fọwọ́ gbá itan.

"Pétérù àpọ́sítélì sọ èyí tó jọ ọ́!"

Màmá di orí mú. "Àlhájà Kékeré, adájọ́ la pè ọ́, o tún lọ gbé ẹjọ́ tìrẹ kún un! Ọ̀kan fún ọ̀kan la ṣì ń bá yí, ìwọ gbé ẹgbẹ̀rún dé." A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo padà sídìí iná, èbà mi ti le bí òkúta.

Bí mo ti ń pẹ́ sí i nílé náà ni mo ń rí i pé ìjiyàn yìí ti dàgbà ju gbogbo ọmọ tí wọ́n bí lọ. Kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá sọ fún mi pé ìdí kíláàsì Bíbélì ni àwọn ti kọ́kọ́ rí Màmá, pé nọ́ọ̀sì kékeré kan ló dìde láti ẹ̀yìn, ó ní àlàyé tíṣà ò yé òun. Ìbéèrè tó bi wọ́n lọ́jọ́ náà ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Wọ́n wá a lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì láti lọ fún un lésì, èsì yẹn náà ò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nílùú tiwa, mo ti rí àwọn ènìyàn tí kò kí ara wọn mọ́ nítorí pé àfáà kan ní oṣù ti lé, èkejì ní oṣù ò tíì lé. Ẹbí kan ń jẹ ọdún lónìí, èyí tó múlé tì í ń gbààwẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì sọ sí ara wọn lọ́jọ́ yẹn kì í tán nínú. Lọ́dọ̀ Bàbá àti Màmá, mi ò rí irú rẹ̀. Tí Màmá bá sọ ohun tó lágbára, Bàbá á bọ́ awò ojú wọn, wọ́n á ní, "Èyí wúwo," wọ́n á sì lọ rò ó. Ó lè tó ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí èsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wá síbi fèrèsé mi, inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Wọ́n ti rí èsì, ṣùgbọ́n Màmá ti lọ ra ẹ̀wà ní Sábó.

"Jọ̀ọ́, gbọ́ ọ kí o bá mi fi sọ́kàn, kí n má baà gbàgbé kó tó dé."

Mo fi sọ́kàn. Nígbà tí Màmá dé, Bàbá ò gbàgbé nǹkan kan.

Màmá náà ní tiwọn. Ọkùnrin kan wá láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, ó rò pé òun fẹ́ gbè sẹ́yìn Màmá. Ó ní ṣé Bàbá ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan fún ọdún kan yìí, àròsọ lásán ni, pé ẹni tó bá ń kọ́ ọ fẹ́ fi ọgbọ́n orí tirẹ̀ bo ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́lẹ̀ ni. Màmá gbé ife omi tí wọ́n fẹ́ fún un sílẹ̀.

"Ohun tí wọ́n sọ kọ́ nìyẹn," ni wọ́n wí. Wọ́n wá jókòó, wọ́n sì to àlàyé Bàbá lẹ́sẹẹsẹ, láti ìdí aginjù títí dé ọ̀dọ̀ Jòhánù, láìfo ohunkóhun. Wọ́n ní, "Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ rèé. Tèmi yàtọ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ bá wọn jiyàn, èyí ni kí o bá wọn jà sí, má ṣe dá tìrẹ sílẹ̀ kí o wá máa bá a jà." Bàbá jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo ìyàwó wọn. Lẹ́yìn tí àlejò náà lọ, wọ́n ní, "O ṣe é ju bí èmi ì bá ti ṣe é lọ." Màmá ní kí wọ́n má jẹ́ kó gùn wọ́n lórí.

Ọ̀rọ̀ àbúrò Bàbá ló wá jẹ́ kí n mọ ẹni tí mo ń bá gbélé ní tòótọ́. Àgbẹ̀ ni àbúrò yìí, Ẹdúnàbọ̀n ló ń gbé, ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn, ó sì fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an. Ìpá ti ń dà á láàmú tipẹ́, àwọn dókítà sì ti ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ pe Màmá lórí fóònù, ó ń sunkún. Ó ní ọkọ òun ò lọ sí ọsibítù mọ́. Ajíhìnrere kan ti wá ṣe ìsọjí lágbègbè wọn, ó to àwọn ìgbà inú ìwé Dáníẹ́lì pọ̀, ó sọ ọjọ́ di ọdún, ó ro wọ́n papọ̀, ó yọ, ó kún, ó sì dá oṣù tí Jésù máa dé. Oṣù náà ò jìnnà mọ́. Ọkọ òun ní kí ni kí wọ́n la inú òun fún nígbà tí òun máa tó gba ara ọ̀tun? Ó ti fi àwọn ọ̀dọ́ kòkó tó fẹ́ lọ gbìn sílẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n ti ń rọ.

Màmá gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún Bàbá. Bàbá dìde. Wọ́n lọ wọ bàtà.

Ọjọ́ Sátidé ni, mi ò lọ síbi iṣẹ́, Màmá sì ní kí n tẹ̀ lé àwọn. A wọ takisí. Láti Ifẹ̀ dé Ẹdúnàbọ̀n, Bàbá gbójú síta, wọ́n ń wo igbó. Èmi àti Màmá wà lẹ́yìn. Mo ń retí pé nígbà tó bá yá, Màmá á sọ̀rọ̀. Ká ní èmi ló wà nípò wọn, mi ò rò pé mo lè kó ẹnu mi níjàánu. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti fi ń sọ fún ọkùnrin yìí pé kó jẹ́ kí ọjọ́ jẹ́ ọjọ́, òní ni ì bá ti rọrùn jù lọ láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Màmá kàn na ọwọ́ síwájú, wọ́n tún kọ́là aṣọ Bàbá tó ká sínú ṣe.

A bá àbúrò náà lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó nítorí ìrora. Ó dọ̀bálẹ̀ níwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Bàbá ní kó jókòó. Wọ́n bi í bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n gbọ́.

Ó ní, "Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ọjọ́ kan dúró fún ọdún kan. Nígbà tí ajíhìnrere ń ṣàlàyé rẹ̀, ohùn yín ni mo ń gbọ́."

Mi ò lè gbàgbé ojú Bàbá. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í rìn.

Màmá ló sọ̀rọ̀. "Àbúrò ọkọ mi, wo ojú mi. Ṣé o mọ̀ pé èmi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀, ìyàwó wa."

"Mi ò gbà lánàá, mi ò gbà lónìí. Nítorí náà, tí mo bá gbè sẹ́yìn wọn, kì í ṣe nítorí pé mo jẹ́ ìyàwó wọn. Láti ìgbà tí mo ti ń bá wọn jiyàn, mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí kí wọ́n dá ọjọ́ tí Olúwa máa dé. Mo ti wá a, torí ì bá ti jẹ́ kí n borí wọn. Kò sí níbẹ̀. Ohun tí ọkùnrin yẹn kọ́ yín, kì í ṣe ohun tí ọkọ mi kọ́ ọ. Aṣọ wọn ló jí wọ̀."

Bàbá wá rí ohùn wọn. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì sọ̀rọ̀. "Àbúrò mi, tíṣà ìtàn ni mí. Ohun tó ti kọjá ni mo ń kà. Mo ń wo ẹ̀yìn, mo ń sọ pé, wò ó, Ọlọ́run ti sọ ọ́ ṣáájú, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì kọ́ ọmọ iléèwé kankan ní ìtàn ọ̀la rí. Jésù fúnra rẹ̀ ní kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ náà tàbí wákàtí náà."

Àbúrò náà ní, "Ajíhìnrere sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ó ní ọjọ́ àti wákàtí ni Jésù sọ. Ó ní oṣù ni òun ń sọ."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó bọ́ lẹ́nu wọn. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, àbúrò náà ti ń rẹ́rìn-ín, ó wá di ìsàlẹ̀ ikùn mú, ìrora náà sì hàn lójú rẹ̀. Ẹ̀rín Màmá dúró lójijì. Wọ́n di nọ́ọ̀sì lójú mi níbẹ̀.

"Dìde, jẹ́ ká wọlé. Mo fẹ́ wo ibẹ̀."

Wọn ò pẹ́ nínú yàrá. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní nǹkan ọ̀hún kò wọlé padà mọ́ bó ṣe yẹ, pé ìfun lè lọ́ mọ́ ibẹ̀ nígbàkigbà, pé tó bá fi ṣẹlẹ̀, kò ní dúró de oṣù tí ajíhìnrere dá. Wọ́n sọ fún un pé, "Tí Olúwa bá fẹ́ dé, ṣé ó burú kó bá ọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù? Ṣé kò ní mọ ibi tó ti máa wá ọ ni?"

Ọkùnrin náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń rọ̀, àmọ́ nǹkan kan ṣì ń jà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì gan-an, ohùn yín ò ṣọ̀kan. Ta ni kí n tẹ̀ lé nínú yín?"

Bàbá fọwọ́ lé e léjìká. "Lórí ìwé Dáníẹ́lì, tẹ̀ lé ẹni tí àlàyé rẹ̀ bá yé ọ. Lórí ara rẹ, ìyàwó mi ni kí o tẹ̀ lé."

Ó tẹ̀ lé wọn. Takisí kan náà la bá padà sí Ifẹ̀, a fún un láyè iwájú kó lè na ẹsẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún un láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, dókítà sì sọ fún Màmá pé ó dáa tí wọn ò jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé Bàbá ló ti gba ìsinmi. Oṣù tí ajíhìnrere dá bá a níbẹ̀, ó wọlé, ó sì jáde. Òjò rọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀. A lọ síbi iṣẹ́, a dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó parí, àbúrò náà rọra rìn wá sí fàráńdà, ó jókòó. Mo mọ̀ pé ojú ń tì í. Bàbá kò ṣẹ̀fẹ̀, wọn ò ní, "Ṣé o rí i?" Wọ́n kàn ti àwo ẹ̀pà sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì bi í bóyá àwọn ọ̀dọ́ kòkó náà ṣì ṣe é gbìn. Ó ní díẹ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè.

Ọ̀rọ̀ náà ò tán lọ́kàn Bàbá síbẹ̀. Ohun tí àbúrò wọn sọ, pé ohùn Bàbá ni òun ń gbọ́, ń gbé wọn lọ, ó ń gbé wọn bọ̀. Wọ́n lọ bá pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dá kíláàsì Bíbélì darí mọ́, àwọn fẹ́ kí ìyàwó àwọn wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Tí àwọn bá sọ tàwọn tán, kó sọ tirẹ̀. Pásítọ̀ bẹ̀rù pé ó máa da àwọn ènìyàn lọ́kàn rú.

Bàbá ní, "Nígbà tí èmi nìkan ń sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ìyẹn gan-an ló da àbúrò mi lọ́kàn rú."

Wọ́n gbà fún wọn nígbẹ̀yìn. Mo tọrọ àyè láti wá wò ó ní Sọ́ńdè kan. Mo wọ hìjáàbù mi, mo jókòó sẹ́yìn, àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ sì sún fún mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Bàbá dúró lápá kan, Màmá dúró lápá kejì, bí wọ́n ṣe máa ń wà ní fàráńdà, àfi pé ẹ̀pà ni kò sí. Àwọn ènìyàn ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ìgbà kan wà tí wọ́n bi Bàbá ní nǹkan kan, tí wọ́n bọ́ awò ojú wọn, tí wọ́n ní, "Èyí wúwo. Mi ò mọ̀ ọ́n lónìí." Mi ò tíì gbọ́ kí olórí ẹ̀sìn kan sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ rí, yálà tiwa ni o, tàbí tiwọn.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti kúrò nílé náà. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, a sì ti kọ́lé síbòmíràn ní Ifẹ̀ yìí kan náà. Ojú Bàbá ti ṣú. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì yá, wọn ò rí ìwé kà mọ́. Nígbà tí mo gbọ́, mo rò pé ìjiyàn náà ti parí nìyẹn, torí Bàbá ò ní lè wá èsì mọ́ nínú àwọn ìwé ńláńlá tí wọ́n tò sí yàrá wọn. Mo gbé àwọn ọmọ mi lọ kí wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kí n tó kan ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ohùn Màmá. Wọ́n ń kàwé sókè. Mo dúró, mo tẹ́tí. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé Bàbá ni, èyí tó ń gbèjà ọjọ́ kan fún ọdún kan, ìwé tí Màmá ti bá jà láti ìgbà èwe wọn. Wọ́n ń kà á bí ẹni tó gbà á gbọ́. Wọn ò yára kọjá níbikíbi, wọn ò gé gbólóhùn kankan kù. Tí wọ́n bá dé ibi tí òǹkọ̀wé náà ti sọ ohun tó lágbára, wọ́n á dúró díẹ̀ kó lè wọ Bàbá létí dáadáa.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ wá ń kó ohun ìjà fún wọn báyìí?"

Màmá gbé ojú sókè lórí ìwé. "Ta ni kó wá kó o fún wọn? Ojú ló ṣú, orí ò ṣú. Bí mo bá ka ìdajì fún wọn, ta ni mo fẹ́ bá jiyàn?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọwọ́ wọn síbi tí wọ́n ti gbọ́ ohùn àwọn ọmọ mi. "Àlhájà Kékeré, káàbọ̀. Jókòó, má dá a dúró. Ó kù díẹ̀ kó dé ibi tó ti máa bínú."